Òkè Covadonga: Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Adágún

Ní Asturias, lápá àríwá Sípéènì, ọ̀nà kan gbéra láti Covadonga, ó ń gùnkè lọ sí adágún Enol àti Ercina. Nǹkan bíi kìlómítà 12 ni, àmọ́ akọni ń mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń pè ní Huesera lójú ọ̀nà náà ló le jù. Bí kẹ̀kẹ́ bá rin mítà 100, ó ti gòkè tó mítà 15. Ẹni tó ti lo gbogbo agbára rẹ̀ nísàlẹ̀ yóò kábàámọ̀. Jíà tó fúyẹ́ ni kó ti yí sí kó tó débẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ní 1983 ni Vuelta, ìdíje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Sípéènì, kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí. Marino Lejarreta ló borí lọ́jọ́ náà. Ní 2021, Primož Roglič já Egan Bernal sílẹ̀ lójú òkè náà, ó sì dá nìkan parí rẹ̀. Ìgboyà gidi nìyẹn!

Lókè, màlúù ń jẹko létí adágún.