Ṣé O Mọ̀? Ooru Ló Ń Pín Òjò

Ṣé o mọ̀ pé bí gbogbo omi tó wà lójú sánmà bá rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé, kò ní ju nǹkan bíi mílímítà 25 lọ? Kò mu èèyàn dé kókósẹ̀. Síbẹ̀, òjò ọdún kan, tí a bá pín in dọ́gba fún ilẹ̀ àti òkun, sún mọ́ mílímítà 1,000. Á jẹ́ pé ìgbà bí ogójì ni sánmà ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún, tó sì ń di òmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì Celsius 1 gbóná sí i, ọ̀rinrin tó lè gbà á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i? Émile Clapeyron ará Faransé àti Rudolf Clausius ará Jámánì ló ṣe ìṣirò tí èyí ti wá, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Ṣé o mọ̀ pé Sàhárà kọ́ ni aṣálẹ̀ tó tóbi jù láyé? Antarctica ni. Yìnyín bo ibẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù débi pé kò rí omi gbé, ìwọ̀nba ló sì ń já bọ́.

Èyí tó jọ mí lójú jù nìyí: òjò kì í pọ̀ tó bí ọ̀rinrin ṣe ń pọ̀. Ọ̀rinrin ń fi ìdá 7 lé sí i lórí dígírì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ òjò ayé kì í fi ju ìdá 1 sí 3 nínú 100 lọ lé sí i. Kí ló dé? Nígbà tí ọ̀rinrin bá padà di omi lókè, ooru ló ń tú jáde, sánmà sì gbọ́dọ̀ rí ooru náà lé kúrò kí òmíràn tó lè di omi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Nígbà tí òjò bá wá ráyè rọ̀, ó ti rí ẹrù tó pọ̀ gbé, ọ̀wàrà ló máa ń jẹ́. Bí kò bá sì rọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á máa fa omi inú oko gbẹ. Àgbẹ̀ tí ọ̀dá pa iṣu rẹ̀ àti èyí tí àgbàrá gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò.

Bí ayé bá tutù ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà 1991, òkè Pinatubo ní Fílípìnì bú gbàmù. Ohun tó tú sókè ṣíji bo oòrùn, ayé sì fi nǹkan bí ìdajì dígírì tutù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò orí ilẹ̀ dínkù, omi tí àwọn odò ń gbé lọ sókun náà sì fà.

Ṣé o mọ̀ pé òkun lọ́wọ́ nínú bí òjò ṣe ń dáwọ́ dúró lápá ọ̀dọ̀ wa ní oṣù Kẹjọ? Láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lápá Gánà. Afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á tutù, kò ní lè gòkè di ìkúukùu ńlá. Ìdí kan nìyẹn tí Accra fi ń rí bíi mílímítà 800 péré lọ́dún, tí Èkó, létí òkun kan náà, ń rí bí ìlọ́po méjì. Àwọn apẹja kì í ráhùn o: omi tútù tó ń lé òjò yẹn ló ń kó ẹja wá.

Ẹ má kàn gbára lé ìsinmi oṣù Kẹjọ jù. Ní 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn. 26 oṣù Kẹjọ 2011 ni omíyalé ńlá mìíràn tún dé síbẹ̀.

Ṣé o sì mọ Debundscha? Abúlé létíkun Kamẹrúùnù ni, lẹ́sẹ̀ òkè ńlá. Afẹ́fẹ́ olómi láti òkun á forí sọ òkè, á pọ́n ọn, á tutù, kò sì ní rí ẹrù rẹ̀ gbé mọ́. Nǹkan bíi mílímítà 10,000 ló ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún. Òjò ọdún kan ní Debundscha, Accra á fi bí ọdún méjìlá kó o jọ.