Báàgì owó pọ́ọ́kú tó ń jẹ èrè oníṣòwò: Ohun tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tóó ra báàgì ìrìn-àjò

Àwọn oníṣòwò tó máa ń wọkọ̀ òfurufú lọ ra ọjà lókè òkun mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nídìí bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, n'Íkẹjà. Àwọn èrò á dúró yí bẹ́líìtì náà ká, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan á yọ, báàgì ńláńlá bíi mẹ́ta á tẹ̀ lé e, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tóó jáde. Ẹni tó ni ín á ti mọ̀ pé báàgì òun ti ya sínú ọkọ̀. Bàtà tó bá sọ ẹsẹ̀ kan nù, kò sẹ́ni tó máa ra èkejì, bẹ́ẹ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi lọ kó o wálé kò ní í torí ẹ̀ dín kù.

Ohun tó ń fà á ni pé báàgì ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń rà. Wọ́n á ti náwó sórí físà, òtẹ́ẹ̀lì àti ọjà, ìgbà tó bá wá ku ọ̀la kí wọ́n padà wálé ni wọ́n á sáré wọ ọjà lọ ra èyí tówó ẹ̀ kéré jù. Lójú wọn, wọ́n ti ṣọ́wó ná. Àmọ́ owó báàgì kì í ṣe iye tí wọ́n kà fún ẹni tó tà á nìkan. Iye ìrìn-àjò tó máa bá wọn lọ àti iye kílò tí òun fúnra ẹ̀ máa jẹ nínú ẹrù wà níbẹ̀, ká má tíì sọ ti ọjà tó máa bàjẹ́ tó bá ya.

Ká ní oníṣòwò kan ra báàgì N8,000, tó sì ya lẹ́yìn ìrìn-àjò méjì. N4,000 ló ná an ní ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkejì ẹ̀ ra ti N30,000, ó sì lò ó nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tóó gbó, N2,000 péré ló ná òun. Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà pé ó ná ìnákúnàá ló wá jèrè yẹn. Iye tí wọ́n ń ta báàgì lè yí padà láàárọ̀ ọ̀la, ìṣirò náà kò ní í yí padà. Èyí ò wá ní kí wọ́n lọ ra èyí tó wọ́n jù o, torí nínú báàgì olówó gọbọi, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni ọ̀pọ̀ owó náà ń bá lọ, kì í ṣe aṣọ tàbí síìpù ara ẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn oníṣòwò wa ni báàgì onílà pupa, búlúù àti funfun tí wọ́n ń pè ní Ghana-must-go. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 ló gba orúkọ yìí, nígbà tí ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé káwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ghana tó wà nínú wọn lé ní mílíọ̀nù kan, báàgì yìí sì lọ́pọ̀ wọn di ẹrù sí. Àwọn àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà kò ní í ṣàì rántí pé Ghana ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fáwọn Yorùbá lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ Louis Vuitton ti ilẹ̀ Faransé gbé báàgì tó ní irú ìlà yìí jáde fáwọn olówó, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń di ẹja gbígbẹ sí.

Ọ̀rá tí wọ́n hun ni wọ́n fi ń ṣe Ghana-must-go, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpò ìrẹsì. Ó fúyẹ́, ó ṣeé ká sínú báàgì mìíràn, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Fún ẹni tó ń kó aṣọ láti Balógun lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kò sóhun tó burú nínú ẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀. Tí wọ́n bá ń gbé e síta níwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ọ̀rá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, á sì máa rún bí ewé gbígbẹ. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ já, kì í ṣe ọ̀rá náà fúnra ẹ̀. Ìdí nìyí táwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń gbé e lọ bá télọ̀ kí wọ́n tóó di ẹrù kankan sí i, kó fi òwú tó nípọn rán gbogbo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Owó kékeré ni, ó sì máa ń sọ báàgì ìrìn-àjò kan di ti márùn-ún.

Inú ọkọ̀ òfurufú ni wàhálà ẹ̀ wà. Kò ní ìdí tó le, ọwọ́ ẹ̀ máa ń há sáàárín bẹ́líìtì, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan kì í sì í gbà á tí wọn ò bá fi í sínú páálí. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ bèèrè kó tóó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe nígbà tó bá ti dé iwájú kàńtà.

Ọ̀rọ̀ kílò ló ń jẹ oníṣòwò níyà jù, torí pé owó tó ń bá a lọ kì í hàn sójú. Kílò 23 lọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fi ṣe òdiwọ̀n báàgì kan fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n. Èyí tó bá sì ti lé ní kílò 32, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á rárá, kódà kéèyàn lóun fẹ́ẹ́ sanwó lé e, torí ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé e. Wọ́n tún máa ń ro gígùn, fífẹ̀ àti gíga báàgì pọ̀, ti ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó láti fi wò ó níwájú ẹni tó ń tà á.

Nínú kílò 23 yẹn, ti báàgì wà níbẹ̀. Àpótí ńlá tó le máa ń tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún kí wọ́n tóó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, nígbà tí báàgì aláṣọ tí kò ní táyà kì í sábàá ju kílò méjì lọ. Ẹni tó gbé àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò márùn-ún ti fi kílò 10 nínú 46 gbé àpótí wálé. Ẹni tó gbé báàgì aláṣọ méjì fi 4 péré gbé tiẹ̀. Kílò mẹ́fà tó wà láàárín wọn tó àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà-mẹ́fà bíi méje. Tí oníṣòwò náà bá ń lọ nígbà mẹ́rin lọ́dún, kílò 24 ti lọ, ìyẹn sì ju odidi báàgì kan lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ọjà kò lérè mọ́ tí wọn ò mọ̀ pé inú àpótí lèrè ọ̀hún há sí.

Ọjà téèyàn ń tà ló yẹ kó sọ bí báàgì ṣe máa tóbi tó. Ẹni tó ń ta léèsì tàbí àǹkárá, ẹrù ẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó wúwo, báàgì kékeré ló yẹ ẹ́. Tó bá ra èyí tó tóbi, á kó o kún dẹ́nu, ó máa di kílò 40, iwájú kàńtà ló sì máa ti tú u palẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Onírun àti oníbàtà ló nílò báàgì tó fẹ̀. Ti àwọn ayàwòrán, àwọn elérò orin àtàwọn tó ń gbé irinṣẹ́ kiri yàtọ̀, torí ohun tó lè fọ́ ni wọ́n ń gbé. Fún irú wọn, àpótí tó le tọ́ sí kílò tó ń jẹ.

Ní ti aṣọ tí wọ́n fi rán báàgì, ìwé kékeré kan sábàá máa ń wà lára ẹ̀ tí wọ́n kọ 600D, 900D tàbí 1680D sí. Ìwọ̀n òwú ni: iye gíráàmù tí òwú náà máa jẹ́ tí wọ́n bá nà án ní mítà 9,000. Tí nọ́ńbà náà bá ti pọ̀, òwú náà nípọn nìyẹn. 600D tó fún aṣọ, àmọ́ bàtà, irin àti ohun tó ní igun nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oníbàárà má wo nọ́ńbà nìkan o. Àwọn kan máa ń lẹ ọ̀rá mọ́ inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè dà bí ẹni pé ó nípọn. Kó ká etí aṣọ náà, kó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá funfun tàbí tó bó, kó dá a padà.

Síìpù ló sábàá máa ń pa báàgì. Ẹ̀yìn irin tí wọ́n ń fà máa ń ní nọ́ńbà, bíi 3, 5, 8 tàbí 10, tó ń sọ bí eyín síìpù náà ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó jẹ́ 5 dára fún àpò ẹ̀gbẹ́, ẹnu báàgì ńlá ló nílò 8 tàbí 10. Kí ẹni tó fẹ́ẹ́ rà á ṣí i, kó pa á dé, bíi ìgbà mẹ́wàá, pàápàá níbi igun. Tó bá jẹ́ irin fífà yẹn ló gbó, àwọn tó ń tún síìpù ṣe kiri àdúgbò lè pààrọ̀ ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ tí eyín bá ti yọ, ó di kí wọ́n tú odidi síìpù.

Kọ́kọ́rọ́ lórí síìpù kò sì fọkàn ẹni balẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Gègé lásán ni olè ń gún sáàárín síìpù aláṣọ, á là, á kó ohun tó fẹ́, á wá fa irin náà lọ fà á bọ̀, síìpù á sì padé bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá so irin náà mọ́ ara báàgì lójú kan kò ní í ṣeé fà lọ fà bọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ibi tí wọ́n là máa wà ní lílà, ẹni tó ni ín á sì tètè mọ̀ kó tóó kúrò ní pápákọ̀.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e náà ṣe pàtàkì. Èyí tó dáa ni èyí tí okùn ẹ̀ gba abẹ́ báàgì kọjá, tó gbé gbogbo ẹrù ró, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn gán mọ́ etí lókè. Kí oníbàárà ní kí wọ́n kó báàgì mìíràn kún inú ẹ̀, kó gbé e sókè, kó sì wo ojú ibi tí wọ́n ti rán ọwọ́ náà bóyá ó ń là. Òǹtajà tó bá ń kanra nítorí èyí mọ ohun tó ń tà.

Táyà dùn lórí táìsì pápákọ̀. Ní Ìdúmọ̀tà tàbí Òkè-Àrìn, tó jẹ́ pé alábàárù ló máa gbé e rù kọjá gọ́tà, ẹrù lásán ni táyà ń fi kún ẹrù. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lò ó, kó ra oníméjì tó tóbi, tí wọ́n fi bóòtù dè, kó lè ṣeé pààrọ̀. Àwọn tó ń gba Sèmè lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnu ní tiwọn mọ̀ pé òjò ló ń bá ẹrù orí ọkọ̀ jà. Kódà aṣọ tí omi kò lè wọ̀, omi máa ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ di ọjà sínú ọ̀rá kí wọ́n tóó kì í bọ báàgì.

Fún ẹni tówó ẹ̀ kò tó, báàgì tòkúnbọ̀ wà, ọ̀pọ̀ wọn sì lágbára ju tuntun olówó kékeré lọ. Àmọ́ kí wọ́n já gbogbo ìwé pélébé tó wà lára ẹ̀ láti ìrìn-àjò àtijọ́ dànù, torí ẹ̀rọ lè kà á, kó sì dárí ẹrù síbòmíì. Kí wọ́n tú abẹ́ aṣọ inú ẹ̀ wò dáadáa pẹ̀lú. Tí wọ́n bá bá oògùn olóró nínú báàgì, ẹni tó gbé e làwọn NDLEA máa kọ́kọ́ mú, kí àlàyé tóó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n ní kí àwọn tó ń rán báàgì ní Mushin tàbí Aba rán an fún wọn. Oníṣòwò á sọ bó ṣe fẹ́ kó tóbi tó, á yan síìpù, á sì ní kí wọ́n rán orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ ọn lára.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀, fún èrò ọkọ̀ òfurufú tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó gbà-máà-bínú tí ẹrù bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà sọ pé tó bá jẹ́ àbùkù báàgì fúnra ẹ̀ ló fà á, ilé-iṣẹ́ náà kò ní í san ti ìyẹn. Báàgì tójú ẹ̀ ti là nílé tẹ́lẹ̀ lè pa ẹ̀tọ́ oníṣòwò run. Kí wọ́n ya fọ́tò báàgì náà kí wọ́n tóó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tọ́jú rìsíìtì ọjà sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe sínú èyí tí wọ́n fẹ́ẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Tó bá ti ya, kí wọ́n fẹjọ́ sùn níbẹ̀ kí wọ́n tóó jáde, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n gba ẹrù. Ti ẹrù tó pẹ́ kó tóó dé jẹ́ ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ìwé tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ilé-iṣẹ́ náà kò níṣẹ́ àtidáhùn sí i.