Àga Bíṣọ́ọ̀bù Ló Ń Sọ Ṣọ́ọ̀ṣì Di Kàtídírà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní agbègbè wa, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi béèrè pé: Ìjọ Onítẹ̀bọmi Òkèlérìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà láti 1855, nígbà tí Thomas Jefferson Bowen ará Amẹ́ríkà mú ìhìnrere dé ìlú náà. Kí ló dé tí a kò pè é ní kàtídírà, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọ́ lánàá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àga ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àga wo? Àga tí bíṣọ́ọ̀bù ń jókòó lé kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibi tí àga yìí bá wà ni kàtídírà, ìbáà ṣe ilé alámọ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe àkóso ara rẹ̀. Bí wọ́n fi wúrà kọ́ Òkèlérìn, kò ní di kàtídírà, èyí kò sì bu iyì rẹ̀ kù. Àwọn Áńgílíkà ní bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀yọ́, òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà ìlú méjèèjì ló ní kàtídírà tiwọn. Ìjọ Àgùdà ní tirẹ̀, àga kan ṣoṣo ló wà fún ìlú méjèèjì, ní Ọ̀yọ́.

Bàsílíkà tún yàtọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀yin oníṣòwò yóò sì ti gbádùn ọ̀rọ̀ mi. Ní Róòmù àtijọ́, bàsílíkà kì í ṣe ilé àdúrà rárá. Ilé ńlá létí ọjà ni, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń dúnàá-dúrà, tí adájọ́ sì ń dá ẹjọ́. Ilé náà gùn. Ọ̀wọ́ òpó méjì pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà àárín ló fẹ̀ jù, òrùlé rẹ̀ sì ga ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, kí fèrèsé òkè lè mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ní ìpẹ̀kun, ògiri tẹ̀ sẹ́yìn bí ààbọ̀ òṣùpá, níbi tí adájọ́ ń jókòó sí. Ẹni tó bá mọ bí ọba ti ń jókòó ní kọ̀bì ààfin tí àwọn ará ìlú wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé e.

Nígbà tí Ọba Constantine fún àwọn Kristẹni ní òmìnira ní 313, wọ́n nílò ilé tí yóò gba ọ̀pọ̀ èrò. Ilé òrìṣà kò wúlò fún wọn, nítorí ìta ni èrò máa ń dúró sí níbẹ̀. Ni wọ́n bá mú àwòrán ilé ọjà. Ibi tí adájọ́ ń jókòó di ibi pẹpẹ àti àga bíṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ òpó méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, ilé ọjà Róòmù ni ẹ ń wò yẹn.

Lónìí, oyè ni bàsílíkà nínú Ìjọ Àgùdà, Póòpù ló sì ń fi í dá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́lá. Èyí tó wà ní Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ó kọjú sí ilé òrìṣà àwọn erè, ni wọ́n kọ́ láti 1903 sí 1909. 1989 ló tó gba oyè. Ní Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire, Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́ bàsílíkà kan láàrin 1985 àti 1989 tí ó ga tó mítà 158. Póòpù John Paul Kejì fúnra rẹ̀ ló yà á sí mímọ́ ní 1990. Síbẹ̀ kì í ṣe kàtídírà! Inú ṣọ́ọ̀ṣì Augustine Mímọ́, tí ó kéré sí i púpọ̀ nínú ìlú kan náà, ni àga bíṣọ́ọ̀bù wà. Ní Róòmù pàápàá, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ kọ́ ni kàtídírà Póòpù. Ti Laterani ni.

Owó ló mú mi sọ gbogbo èyí. Ó máa ń dùn mí bí ìjọ kan bá fẹ́ wó ilé tí àwọn baba ìjọ fi ọwọ́ ara wọn mọ, kí wọ́n lè ní ohun tí wọn yóò máa pè ní kàtídírà. Àwọn ìyá ọlọ́jà ni wọn yóò sì bu owó náà lé lórí. Bí páànù bá ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àyè kò bá gba èrò, ẹ fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìgbìmọ̀ ìkọ́lé léèrè, kí ẹ tó dáwó, pé bíṣọ́ọ̀bù wo ni yóò jókòó níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àga náà, kí ó wọ kàtídírà Àgùdà ní Ọ̀yọ́, kí ó wo apá ibi pẹpẹ.