Ẹ̀rù Bà Mí, Àmọ́ N Ò Bẹ̀rù: Ọ̀rọ̀ Nípa Ilé Ìdẹ́rùbani

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní haunted house. Ìyá bàbá ọmọ náà, tó lọ bá wọn lálejò, ti fàáké kọ́rí: ta ló gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń sanwó kí iwin lè lé e kiri? Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, “Prof, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.” Mo ti fún un lésì lọ́tọ̀. Àmọ́ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó kan iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí.

Ilé ìdẹ́rùbani ni n ó máa pè é. “Ilé iwin” ló kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí iwin níbẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ kọ “ilé ẹ̀rù,” ẹ má gbàgbé àmì ohùn o, torí pé ilé ẹrù ni ibi tí à ń kó àpò ìrẹsì sí. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ayẹyẹ Halloween tó máa ń bọ́ sí 31 October. Ó lè jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ó lè jẹ́ oko àgbàdo, ó lè jẹ́ ilé-ìwé tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n á fi pákó pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà tóóró tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, débi pé ilé kékeré á dà bíi pé kò lópin. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó tò, wọ́n á máa jẹ́ kí ẹ wọlé ní mẹ́fà-mẹ́fà tàbí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kí ẹ tó já sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn òṣèré tí wọ́n kun ojú á máa yọ sí yín. Ẹ ó rí ẹni tó wọ aṣọ òkú, ẹ ó rí dókítà tí ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ rẹ̀, ẹ ó rí apanilẹ́rìn-ín tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Àṣà náà kò dàgbà tó bí ẹ ṣe lè rò. Madame Tussaud gbé àwọn ère rẹ̀ tí wọ́n fi ìda oyin ṣe dé London ní 1802, orí àwọn tí wọ́n bẹ́ lórí nígbà ìdìtẹ̀ ilẹ̀ Faransé sì wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń sanwó wò. Ní Amẹ́ríkà, àárín ọdún 1930 sí 1939 ni nǹkan yí padà. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń fi alẹ́ Halloween ba dúkìá onídúkìá jẹ́. Ni àwọn òbí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ yàrá abẹ́ ilé wọn di ibi òkùnkùn tí àwọn ọmọ á máa rìn kọjá, kí wọ́n lè ríbi lo agbára wọn. Nígbà tó fi máa di 9 August 1969 tí Disneyland ṣí Haunted Mansion tiwọn ní California, ó ti ń di òwò. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Jaycees fi ń kó owó iṣẹ́ àánú jọ káàkiri ìlú, ọgbà ìgbafẹ́ Knott's Berry Farm náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1973.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí, ó sì lófin. Wọn kì í jẹ́ kí gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n á fi iná díẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́ kí ojú yín wà, kí ẹ má baà wo ibòmíràn. Ìyá arúgbó kan á jókòó sórí àga, á máa mì síwá-sẹ́yìn. Gbogbo yín á máa ṣọ́ ọ, kò sì ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ògiri tó wà lápá òsì yín ló máa ṣí. Iná tó ń tàn, tó ń kú, kíá-kíá, á jẹ́ kí ẹni tó ń rìn bọ̀ dà bí ẹni tó ń pòórá níbì kan, tó sì ń yọ níbòmíràn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í dẹ́rù ba àlejò láti iwájú bí wọ́n bá lè yẹra fún un, torí pé bí àlejò bá sá padà sẹ́yìn, á lọ kọlu àwọn tó ń bọ̀. Ibi tí wọ́n á ti mú kí ó sá síwájú ni wọ́n ń wá. Níbi púpọ̀, ọwọ́ òṣèré kò gbọdọ̀ kan àlejò, ti àlejò náà kò sì gbọdọ̀ kan òṣèré. Lẹ́nu ọ̀nà ìjáde, nígbà tí ọkàn yín ti balẹ̀, ọkùnrin kan á gbé ẹ̀rọ ìgégi tó ń pariwo lé yín jáde. Wọ́n ti yọ irin eléyín tó ń gé igi kúrò lára rẹ̀, ariwo nìkan ló kù. Gbogbo àwọn tó ti lọ rí ló mọ̀ pé ó ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n á tún sá.

Ohùn ni èmi máa ń fetí sí jù. Ní 2015, Luc Arnal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé igbe ìbẹ̀rù kò dà bí ọ̀rọ̀ sísọ rárá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ariwo ohùn wa máa ń lọ sókè-sódò ní bí ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí sílébù ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ti igbe yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, láti ìgbà 30 dé ìgbà 150. Ohùn híhanrin-hanrin yẹn ni ọpọlọ ń gbọ́ bí ewu kó tó ronú. Ẹ̀rọ ìgégi náà ń ṣe irú ariwo bẹ́ẹ̀. Òṣèré tó gbọ́n kì í sì í pariwo ní gbogbo ìgbà. Wọ́n á ti fetí sí yín lórí ìlà níta, wọ́n á gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe ara yín. Ẹ ó dé inú, ẹnìkan tí ẹ kò rí á sì rọra pe orúkọ yín. Èyí máa ń mú ará ilé wa ju ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá lọ, àwa tí wọ́n kọ́ ní kékeré pé bí ohùn tí o kò mọ̀ bá pè ọ́ lóru, o ò gbọdọ̀ jẹ́.

Mo mọ̀ pé egúngún ti sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn. Òótọ́ ni pé nígbà èwe wa, egúngún á na pàṣán, a ó sá, a ó sì tún padà lọ tọ́ ọ kí ó lè tún lé wa. Dídùn tó wà nínú sísá yẹn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà. Ibẹ̀ náà ni ìjọra wọ́n mọ. Ará ọ̀run ni egúngún lójú àwọn tó ni ín, ó ní ìran tó wá kí, ó sì ní oríkì. Òṣèré inú ilé yìí kì í ṣe baba ńlá ẹnikẹ́ni, kò sì sí òkú tí ẹnikẹ́ni pè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á nu ojú rẹ̀, á sì lọ síbi iṣẹ́ tó ń ṣe lójúmọ́. Ohun tí mo ní kí wọ́n sọ fún màmá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gírámà. Ní Yorùbá, ẹ̀rù ló ń ṣe, èèyàn ni wọ́n ń ṣe é sí. Nínú “ẹ̀rù bà mí,” ẹ̀rù ni olùwà, “bà” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, èmi ni àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi ń pa mí, otútù ń mú mi, ojú tì mí, inú bí mi. Ṣùgbọ́n a tún ní “mo bẹ̀rù,” níbi tí “bà” àti “ẹ̀rù” ti so pọ̀, tí èmi náà sì di olùwà. Lẹ́nu lásán, a máa ń fi ọ̀kan dípò èkejì, n ò jiyàn. Àmọ́ ẹ gbé wọn síbi tí wọ́n ti lè yàtọ̀. “Ẹ̀rù bà mí nígbà tí ààrá sán”: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì ti kọjá. “Mo bẹ̀rù ààrá”: bí mo ṣe rí nìyẹn, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run lè lo ọdún mẹ́wàá kí ẹ̀rù má bà á lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kẹta ni “dẹ́rù bà”: ẹnìkan dá ẹ̀rù sílẹ̀, ẹ̀rù yẹn ló wá bà mí.

Mẹ́ta yìí ló ń ṣí ilé náà fún wa. Òṣèré ń dẹ́rù ba àlejò, ẹ̀rù ba àlejò, àlejò kò sì bẹ̀rù òṣèré. Ẹ wo bí ẹ̀rín ṣe máa ń tẹ̀ lé igbe lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wọn. Èdè tí kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ á máa ṣàlàyé títí kó tó lè sọ bí ohun tó dẹ́rù bani ṣe lè dùn mọ́ni. Tiwa ti yà á sọ́tọ̀ láti ilé. Bí ó bá sì di pé àlejò bẹ̀rù lóòótọ́, eré ti tán. Nítorí náà ni mo fi máa ń sọ pé kí wọ́n má mú ọmọ kékeré wọ ibẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tí kò tíì mọ̀ pé èèyàn lè wọ aṣọ kó sì di ẹlòmíràn. Ẹ̀rù tó bà á níbẹ̀ lè bá a délé, kó di ohun tó ń bẹ̀rù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yàtọ̀, bí òun fúnra rẹ̀ ló bá fẹ́ lọ, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló ń fà á.

Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Aarhus, ní Denmark, ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ àlejò 110 ní ilé ìdẹ́rùbani kan nílùú Vejle, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Bí ẹ̀rù bá kéré jù, kò dùn. Bí ó bá pọ̀ jù, kò dùn. Àárín ló ti dùn jù. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n tẹ òmíràn jáde: àwọn kan gbìyànjú láti jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n dáadáa, àwọn mìíràn ń bojú, wọ́n ń di etí. Inú apá méjèèjì dùn tó ara wọn. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n rà ni pé ìjánu ẹ̀rù náà wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn.

Mo rí i kedere ní Philadelphia, ní 2017. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ń bẹ níbẹ̀, Eastern State Penitentiary, tí wọ́n ṣí ní 1829, tí wọ́n sì tì pa ní 1971. Láti 1991 ni wọ́n ti ń lo eré ìdẹ́rùbani láti kó owó tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé náà jọ. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n máa ń bi ọ́ bóyá o fẹ́ gbé ẹ̀gbà ọrùn tó ń tàn yòò sọ́rùn. Bí o bá gbé e, o ti gbà kí àwọn òṣèré fọwọ́ kàn ọ́, kí wọ́n fà ọ́ kúrò láàárín àwọn tí ẹ jọ wá. Bí o kò bá gbé e, wọn ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Èmi ò gbé e o, àgbà kan kì í fi eegun ẹ̀yìn ṣeré. Mo tún padà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí kò sí òṣèré kankan. Nínú yàrá kóńkó wọ̀nyẹn, wọ́n ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ní òun nìkan, láìjẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó lè ronú pìwà dà. Charles Dickens dé ibẹ̀ ní 1842, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìlànà náà. Ẹ̀rù kò bà mí ní ọ̀sán yẹn rárá. Àmọ́ mo bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì ṣòro jù. Níbi tí gbogbo igbe ti jẹ́ eré, kí ni èèyàn á ké bí ewu bá dé lóòótọ́? Ní 11 May 1984, iná jó Haunted Castle tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́ Six Flags Great Adventure ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló kú. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣókùnkùn, ọmọ kan ṣáná kí ó lè ríran, iná náà sì ran fóòmù tí wọ́n fi bo ògiri. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti òkè àjà, kò sí èyí tó ń gbọ́ òórùn èéfín. Wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, ìgbìmọ̀ sì dá a láre ní 1985, ṣùgbọ́n òfin ilé kíkọ́ le sí i lẹ́yìn náà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, omi gbọ́dọ̀ lè wọ́n láti òkè. Bí ẹ̀rọ bá sì gbọ́ èéfín, iná gbọ́dọ̀ tàn sí ojú ọ̀nà tí wọ́n á gbà jáde, gbogbo ariwo àti ìran tó lè da èèyàn láàmú sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Wọn kò fi igbe mìíràn kún igbe. Bí ẹ bá wà nínú ilé ìdẹ́rùbani, tí ó wá dákẹ́ lójijì, tí gbogbo ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ má dúró wo ohun tó kàn o. Ẹ jáde.