Bí Epìyà Bá Ń Kú Nínú Adágún ní Bouaké: Omi Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Bí gbogbo ẹja inú adágún bá ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó bàjẹ́ ló sábà máa ń fà á. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kú, tí iye náà sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àrùn ni kí ọlọ́sìn fura sí. Ìyàtọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò fún epìyà, ẹja tí wọ́n ń pè ní carpe lọ́jà Bouaké ní Côte d'Ivoire.

Ìdájí ni ọ́síjìn máa ń dín kù jù nínú omi. Àwọn ewéko omi tó ń pèsè rẹ̀ lábẹ́ oòrùn, àwọn náà ló ń lò ó lóru. Ẹja á wá máa yọ ẹnu sókè. Bí ọ́síjìn bá rẹlẹ̀ sí mílígíráàmù 3 nínú lítà omi kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni epìyà. Omi tuntun ló ń wo èyí, kì í ṣe oògùn: kí wọ́n dá oúnjẹ dúró, kí omi tó mọ́ sì máa ṣàn wọlé. Oúnjẹ àjẹkù tó ń jẹrà nísàlẹ̀ adágún wà lára ohun tó ń mú amóníà wá, májèlé tí ojú kì í rí.

Bí omi bá dára, àmì ara ló kàn. Ojú tó wú síta, ẹ̀jẹ̀ tó hàn lábẹ́ ìpẹ́ àti ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ yípo sábà máa ń tọ́ka sí bakitéríà Streptococcus. Funfun kéékèèké bí hóró iyọ̀ lára àti ní lẹbẹ, kòkòrò afòmọ́ Ichthyophthirius nìyẹn. Nígbà tó wà lábẹ́ awọ, oògùn kì í ràn án. Ìgbà tó bá já bọ́ sínú omi láti bímọ ni ọwọ́ ń tó o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún oògùn lò léraléra. Ìwẹ̀ iyọ̀, gíráàmù 10 nínú lítà omi kan fún bí ìṣẹ́jú 10, tún máa ń ṣí àwọn kòkòrò ojú awọ kúrò. Ẹja tó bá ń dojú dé, kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá.

Lílo oògùn apakòkòrò láìmọ bakitéríà tó wà níbẹ̀ léwu gan-an. Oògùn á mọ́ bakitéríà náà lára, ìyókù rẹ̀ á sì bá ẹja dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí wọ́n tò sórí yìnyín, ni kí wọ́n gbé lọ bá dókítà ẹranko. Èyí tó ti jẹrà kò wúlò fún àyẹ̀wò.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń pa ẹja kò ní oògùn. Lọ́dún 2018, èyí tó ń jẹ́ ISKNV pa epìyà rẹpẹtẹ nínú àwọn ilé àwọ̀n orí adágún Volta ní Gánà, orílẹ̀-èdè tó bá Côte d'Ivoire pààlà. Ọmọ ẹja tí wọ́n ń rà láti ibòmíràn lè gbé irú rẹ̀ wọlé, ọ̀nà ẹja sì jìn: láti Bouaké, tí ibùdó ìwádìí ẹja Kokondékro wà lẹ́bàá rẹ̀, ni wọ́n ti kó epìyà lọ sí Bùràsílì lọ́dún 1971, orúkọ ìlú náà ni àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣì ń jẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ẹja tuntun gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, pẹ̀lú àwọ̀n àti korobá tirẹ̀, kí wọ́n tó dà á mọ́ àwọn tó wà nílé.