Àwọn Onílàjà Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ọ̀tà bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Wọ́n fi kíndìnrín tuntun sára ẹ̀gbọ́n mi. Ara rẹ̀ ti le koko. Kí ló dé tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀? Owó oògùn náà pọ̀ jù!"

Ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn.

Ẹ wo máígádì ẹnu géètì iléeṣẹ́ ní Sango. Bí kò bá mọ ojú yín, kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Nígbà mìíràn, á fẹ́ bá ẹni ẹlẹ́ni jà. Fóòmàn á sáré jáde, á ní, "Fi í sílẹ̀ o! Ara wa ni."

Bẹ́ẹ̀ ni inú ẹ̀jẹ̀ wa rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá kòkòrò àrùn jà. Àwọn onílàjà náà wà, tí wọ́n ń pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n má baà ba ara tiwọn jẹ́. Àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ọ̀mọ̀wé Sakaguchi, ará Japan, ló fi irú onílàjà yìí hàn ní 1995. Ní 2025, òun àti ará Amẹ́ríkà méjì, Brunkow àti Ramsdell, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀.

Ní 1954, ní Boston, ìbejì kan fún èkejì rẹ̀ ní kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò bá a jà. Ní 2000, iléewòsàn St. Nicholas ní Èkó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀? Kíndìnrín ẹlòmíràn, olè ni lójú àwọn ẹ̀ṣọ́. Àwọn onílàjà kò pọ̀ tó láti dá wọn dúró. Oògùn ló ń dín agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ kù. Bí a bá fi í sílẹ̀, wọn á dìde, wọn á ba kíndìnrín náà jẹ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń gba onílàjà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n ń sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n sì ń dá wọn padà sínú ara rẹ̀, bóyá oògùn á lè dín kù. Wọ́n ṣì ń dán an wò ni.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n: kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bí owó bá wọ́n, kí ó tètè sọ fún dókítà. Bí ibà bá mú un, kí ó má jókòó sílé, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ àwọn onílàjà?
2. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí aláìsàn bá fi oògùn sílẹ̀?