Ìdá Tí Kò Lè Ju Odindi Lọ
Ìdá epo rọ̀bì tí ó di bẹntiróòlù kò lè dín sí òfo, kò sì lè ju odindi kan lọ. Ìlà gbọọrọ kò mọ èyí: bí ẹ bá nà án jìnnà, yóò ṣèlérí bẹntiróòlù tí ó ju epo rọ̀bì lọ. Ta ni yóò fi ìyẹn ra ẹ̀rọ? Ní 1944, Joseph Berkson fi ìdá tí ó kù pín ìdá tí a rí, ó sì pe lọ́gárídímù rẹ̀ ní logit. Òun kò ní ààlà. Ṣùgbọ́n bí a bá yí òǹkà padà báyìí, àròpín ìdá gan-an kọ́ ni a ń ṣàlàyé mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ Ferrari àti Cribari-Neto ti Brazil, tí wọ́n so àròpín fúnra rẹ̀ mọ́ logit ní 2004, tí òǹkà sì ń tẹ̀lé ìpínká beta. Òfo pátápátá àti odindi pátápátá ni kò gbà.